Orúkọ Tí Mo Pa Rẹ́ Lórí Káàdì Ọjọ́ Kẹrìnlá

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ má tíì yí rédíò yín síbòmíràn. Èmi Kálẹ́ńdà ni mò ń sọ̀rọ̀, èmi kan náà tí mo fi ọdún mọ́kànlélógójì wà létí yín láràárọ̀ pẹ̀lú ètò "Ọjọ́ Òní Nínú Orin". Wọ́n ní kí n wá ka káàdì òní, nítorí òní, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, ló pé ogójì ọdún géérégé tí a gba orin tí gbogbo yín fẹ́ràn jù sílẹ̀ nínú ilé yìí. Káàdì náà nìyí lọ́wọ́ mi. Irọ́ ló wà lórí rẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́. Ọ̀gá ilé iṣẹ́, mo rí yín lẹ́yìn gíláàsì, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Dókítà ti sọ pé lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, wọn yóò la ọ̀fun mi láti yọ ohun tó ń jẹ mí níbẹ̀, ohùn mi yóò sì bá a lọ. Kí ó tó lọ, ó gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Àpótí onígi kan wà nínú yàrá tí mo ti ṣiṣẹ́. Káàdì kan wà níbẹ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún, títí kan ọjọ́ kan tí kì í wá àfi lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin. Orí káàdì yẹn ni a ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà sí: olórin tó jábọ́ lórí pèpéle tó sì ń kọrin rẹ̀ lọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ olórin tó tú ká nítorí fìlà kan ṣoṣo, afunfèrè tí ètè rẹ̀ bẹ́ tí kò sì dákẹ́. Ohun tó bá ti wà lórí káàdì, ó ti di òótọ́ nìyẹn. Àwọn oníwèé ìròyìn ń wá dà á kọ. Àwọn tó ń jiyàn ní ilé ọtí, bí ẹnì kan bá ti ní "Kálẹ́ńdà ló sọ ọ́", àríyànjiyàn parí. Láràárọ̀ ni mo sì máa ń kúnlẹ̀ kí n tó la ẹnu: "Olúwa, má jẹ́ kí n ṣì í kà." Ọlọ́run gbọ́ mi. N kò ṣì í kà rí. Ohun tí mo kọ gan-an ni mò ń kà. Ẹ ò rí olè tó ń gbàdúrà kí ọwọ́ òun má gbọ̀n!

Ní òdìkejì ọ̀nà sí wa, aránṣọ kan wà. Ọmọ abẹ́rẹ́ tí í gba inú aṣọ kọjá tí aṣọ kì í ya; ó ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, ó ń fẹnu kọrin, ẹsẹ̀ àti ẹnu kì í ṣì ara wọn. Òun ló rán ẹ̀wù sí èmi àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wa lọ́rùn. Orin kan wà tó fi ń rẹ ọmọbìnrin rẹ̀ jòjòló lẹ́kún, mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan tí mo lọ wọn ẹ̀wù, ara mi bù máṣọ. Mo ní kó wá kọ ọ́ sínú téèpù. Ó tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sọdá, ó bá mi wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Okùn ìwọ̀n ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ní, "Ẹ bọ́ okùn yẹn." Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n, kí n má baà kọrin kọjá ìwọ̀n." Mo béèrè orúkọ tí n ó kọ. "Aránṣọ ni kí ẹ kọ. Ẹni tó bá ti wọ aṣọ mi, ó mọ̀ mí." Mo kọ ọ́ sórí káàdì. Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo kọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, n kò sì jẹ́ kó pẹ́.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, olórin ni. Gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Nígbà náà ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Àwọn onígìtá rẹ̀ ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bá mi nínú yàrá, ó gbọ́ téèpù náà, ó jókòó pọ́ọ́n. "Orin ta nìyí, ẹ̀gbọ́n mi?" "Ti aránṣọ òdìkejì." "Aránṣọ? Kí ni aránṣọ fẹ́ fi orin ṣe? Ṣé ó fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣòkòtò ni?" Àwa méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín o! Ẹ̀rín yẹn ló bí gbogbo rẹ̀. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti fi gìtá àti fèrè mú orin ìrẹmọlẹ́kún náà sáré títí tó fi di orin ijó, ayé gbà á. Nígbà náà ló padà wá: "Ẹ bá mi tún káàdì yẹn ṣe." Mo mú bíléèdì, mo fá orúkọ obìnrin náà kúrò, mo kọ tàbúrò mi síbẹ̀. Ẹ wá wo ìgbéraga òmùgọ̀: n kò fọwọ́ kan ọjọ́. Mo ní èmi Kálẹ́ńdà kì í purọ́ ọjọ́! Mo lè jí ọmọ gbé, ṣùgbọ́n n kò lè purọ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Nígbà tó di ọdún kejì, mo ka káàdì náà lórí afẹ́fẹ́. N kò tíì dìde lórí àga nígbà tí mo gbọ́ ohùn Aránṣọ lẹ́nu géètì, mo sì jáde lọ bá a. Abẹ́rẹ́ ṣì wà ní àyà aṣọ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ta ni ẹ pè lórí rédíò yẹn?" Mo ní ohun tó wà lórí káàdì ni mo kà. "Ta ló kọ káàdì?" Mo yíjú sí ẹ̀ṣọ́. "Téèpù mi ń bẹ nínú ilé yìí. Ẹ gbé e sẹ́rọ, kí gbogbo wa jọ gbọ́." Ìbẹ̀rù mú mi, mo sì pariwo: "Ẹ lé obìnrin yìí, orí rẹ̀ kò pé!" Ẹ̀ṣọ́ gbá a lápá mú, pẹ̀lú ẹ̀wù tí obìnrin náà rán sí i lọ́rùn. Kò ṣépè. Ìbá ṣépè, ìbá sàn fún mi. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ẹ máa kà á. Lọ́dọọdún, ẹ máa kà á." Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Irọ́ ni lọ́dọ̀ mi! Orí káàdì ni mo ṣu tèmi sí, gbogbo ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ni mo sì ń gbé e sókè kí ayé lè gbóòórùn rẹ̀, ẹ̀yin sì ń pàtẹ́wọ́.

Èyí tó burú jù ni mo fẹ́ sọ yìí. Téèpù wọ́n nígbà náà. Èyí tí a bá fẹ́ tọ́jú, a ó fi tàdáwà pupa sàmì sí i. Èyí tí kò bá lámì, ẹnikẹ́ni lè gba nǹkan mìíràn lé e. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a lé obìnrin náà gan-an, ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àwọn èèyàn ń kọjá, mo mú téèpù Aránṣọ, mo fá àmì pupa rẹ̀ kúrò, mo gbé e sẹ́rọ, mo sì jókòó síwájú makirofóònù. Kí ni mo gbà lé e? Ètò mi ni. Irọ́ náà ni. Mo ní, "Ní ọjọ́ òní, àbúrò mi…" Mo fi ẹnu mi bo obìnrin náà lẹ́nu títí ó fi dákẹ́. Ó sì dákẹ́ lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nìkan ni à ń gbọ́ lódìkejì ọ̀nà. Ó ti kú báyìí, ó pé ọdún mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọmọ rẹ̀ wọ ilé mi, ọmọ jòjòló ìjọ́sí. Òun ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà báyìí. Ó gbé ìwé tí ìyá rẹ̀ fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà síwájú mi, ó fi ìka sí ìlà kan: "Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà. N kò ṣí ṣọ́ọ̀bù lónìí. Mo lọ kọrin ọmọ mi ní rédíò." Ìlà tó tẹ̀ lé e ni ìwọ̀n ọrùn ẹ̀wù mi. Ọjọ́ tí n kò lè purọ́ rẹ̀ ló mú mi! Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó jágbe mọ́ mi: "Bàbá, ẹ dìde! Ta ló ní kí ẹ bẹ̀bẹ̀? Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo wà láyé, n kò mọ bí màmá mi ṣe ń kọrin. Níbi ìgbéyàwó àwọn ẹlòmíràn ni mo ti ń gbọ́ orin mi lẹ́nu àbúrò yín. Ohùn màmá mi ni kí ẹ fún mi." Mo sọ ohun tí mo ṣe sí téèpù. Ó gbá tábìlì. "Ẹ lọ wá a."

Mo wá a, mo rí i. Àbúrò mi gbọ́, ó pè mí lánàá: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dalẹ̀ mi lọ́jọ́ alẹ́." Àbúrò, mo mọ̀ pé ò ń gbọ́. A ti dalẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó dalẹ̀ ń bá ilẹ̀ lọ; ihò rẹ̀ ni à ń wò yìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka nǹkan fún aráyé gbọ́, ẹ máa bi ẹni tó kọ káàdì léèrè, pàápàá bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ kọ ọ́. N kò bẹ ọmọ Aránṣọ, ó ti ní kí n má bẹ òun. Ọlọ́run ni mò ń bẹ, bí Òun náà bá ṣì fẹ́ gbọ́ ohùn yìí.

Káàdì òní rèé: ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, ogójì ọdún sẹ́yìn, Aránṣọ kọ orin rẹ̀ nínú ilé yìí fún ọmọ rẹ̀. Èmi Kálẹ́ńdà ni mo pa ohùn náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo pa á, téèpù ti ń yí lọ, mo pẹ́ díẹ̀ kí n tó tẹ bọ́tìnnì ìgbohùnsílẹ̀, mo ń wúkọ́. Ohun tí Aránṣọ sọ kó tó bẹ̀rẹ̀ orin ṣì kù ní ìbẹ̀rẹ̀ téèpù. Ọ̀gá, ẹ tan ẹ̀rọ kejì. Ọmọ Aránṣọ, gbé rédíò mọ́ etí. Bí Aránṣọ bá ti sọ ọ́ tán, ọ̀gá, ẹ pa á kíá, kí ohùn tèmi tó wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?"