Owó Orí Ilé àti Àkùkọ Bàbá Alàájì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń kùn láàárọ̀ pé lẹ́mpò ti dé, owó orí ilé, pé kí ni wọ́n tiẹ̀ ń fi ṣe. Ẹ̀rín ni mo ń rín nínú yàrá. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́...

Nígbà tí mo ṣì lè sáré láti ibí dé ọjà láìsinmi, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi wá sílé yìí ní àdúgbò Houinmè, bàbá ọkọ mi ló ni ilé. Alàájì ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Orúkọ wọn gan-an, n kò ní pè é. Ìyàwó kì í pe orúkọ bàbá ọkọ. Bí Bàbá bá ti wúkọ́ báyìí, gbogbo ìyàwó ilé á ti gbá ìgbálẹ̀ mú! Ṣé bíi tòní ni, tí ìyàwó ń bá bàbá ọkọ ṣàwàdà? Ta ló tó bẹ́ẹ̀?

Èmi, adìyẹ ni mo ń sìn, ní ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀ yẹn, níbi tí ẹ ń gbé alùpùpù sí. Mo ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ tán kí n tó délé ọkọ, n kò kàn ní ẹ̀rọ ni. Adìyẹ ni mo fẹ́ tà fi rà á. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, lúkúlúkú á dé. Ẹ mọ lúkúlúkú? Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ ṣoríire! Adìyẹ á máa tòògbé, ọrùn rẹ̀ á lọ́, kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti kú. Ọdún tó ṣáájú èyí tí mo ń wí yìí, gbogbo tèmi ló kú, òròmọdìyẹ kan kò ṣẹ́ kù. Mo sunkún. Mo tún bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan wà nígbà náà, Sẹ̀nàmí, ọmọ Gùn. Mádámù là ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ́ àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí ọ̀sà, àti àwa tó ń sin nǹkan ọ̀sìn. Nàgó, èdè tiwa yìí, tó ń sọ ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n á máa sọ ọ́ lọ ni! Òun ló sọ fún mi pé oògùn wà fún lúkúlúkú, pé ojú adìyẹ la ń kán an sí kí àrùn tó dé. Inú mi dùn! Àfi bí a ṣe gbọ́ pé àwọn tó ń san owó oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Bí oṣù bá ti parí, ó ń lọ nìyẹn.

Ni olórí àdúgbò bá pe ìpàdé. Ó ní àbá ti dé pé kí àwọn onílé fi díẹ̀ kún owó orí ilé, kí wọ́n máa fi àfikún yẹn san owó Mádámù àti irú rẹ̀.

Bàbá dìde. "Ilé ni mo kọ́, n kò dá oko! Bíríkì mi kì í jẹ ẹ̀fọ́. Kí àgbẹ̀ san owó àgbẹ̀!"

Àwọn onílé pàtẹ́wọ́. Mádámù wà níbẹ̀, ó wolẹ̀.

Ẹ gbọ́, n kò mọ ohun tó gbé mi. Mo kàn rí i pé mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín èrò. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú. Adìyẹ tí ẹ fi ṣe àlejò lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ṣé oko ló ti wá ni? Inú ilé yín ló ń sùn. Bí Mádámù bá lọ, inú ilé yín náà ni lúkúlúkú ń bọ̀."

Ni ẹnì kan bá bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ni gbogbo ìpàdé bá gbà á. Bàbá wò mí. Wọ́n ká agbádá wọn, wọ́n lọ.

Yéè! Ọkọ mi ní, "O ti kó bá mi." Láti ọjọ́ náà, mo kí Bàbá, wọn ò dáhùn. Mo gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n ní kí ọmọ kan lọ ra àkàsà wá níta. Mo rò pé wọ́n á dá mi padà sílé bàbá mi ni.

Ọyẹ́ ò dúró dè wá. Ìròyìn dé pé adìyẹ ti ń kú ní Dowa, àdúgbò tí kò jìnnà sí wa. Mádámù ní, "Oṣù mi kò tíì parí. Lọ́la, kí gbogbo ilé mú adìyẹ wọn wá."

Háà! Bí ẹ bá rí àárọ̀ ọjọ́ yẹn! Gbogbo Houinmè ló ń lé adìyẹ! Arúgbó ń lé, káfíńtà ń lé, àwọn ọmọ iléékéwú ń lé. Ìyẹ́ ń fò, àgò ń yí gbiri. Mádámù jókòó lójúde wa ti àpótí tí yìnyín wà nínú rẹ̀ kí oògùn má bàa bàjẹ́, ó ń kán oògùn, ó ń ké, "Òmíràn! Òmíràn!"

Ó wá ku àkùkọ funfun Bàbá, èyí tó ń jí wọn fún ìrun àsùbáà. Ó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ó fò gun orí ògiri, ó ń wò wá bí ẹni pé òun ló ni ilé! Ni ilẹ̀kùn Bàbá bá ṣí. Wọ́n jáde láìwọ bàtà, wọ́n ká jalamíà dé orúnkún.

"Ìyàwó! Dí ẹ̀gbẹ́ kànga! Má jẹ́ kó gba ibẹ̀!"

Ṣé ẹ gbọ́? Èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀! Mo sáré, Bàbá sáré. Àkùkọ fò sílẹ̀, Bàbá fò mọ́ ọn, wọ́n sì ṣubú gbàà sínú ọpọ́n omi ìfọṣọ mi! Ni ọwọ́ Bàbá bá yọ sókè, àkùkọ ń bẹ nínú rẹ̀, omi ń ro tótó.

"Mo ti mú un! Mádámù dà?"

Ariwo tó sọ ládùúgbò! Bàbá fúnra wọn ń rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lúkúlúkú wọ Houinmè lóòótọ́. Àwọn ilé tí kò mú adìyẹ wá, òkú ni wọ́n ń kó. Tiwa? Kíkọ ni àkùkọ ń kọ!

Wọ́n tún pe ìpàdé. Bàbá ló kọ́kọ́ dìde. "Mo gbà. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé tèmi. Ṣùgbọ́n a ò ní san án ká wá dijú o. Lọ́dọọdún, kí àwọn tó ń gba owó náà wá dúró níwájú wa níbí, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fi ṣe." Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Mádámù dúró, ó dúró títí irun rẹ̀ fi funfun. Ẹ̀fọ́ etí ọ̀sà tó ń yó yín títí dòní, ẹ bi àwọn tó ń gbìn ín pé ta ló kọ́ ìyá wọn. Èmi náà ra ẹ̀rọ mi. Bàbá ló kọ́kọ́ gbé aṣọ wá kí n rán.

Lónìí ńkọ́? Ẹ á san án, ẹ á bú ẹni tó gbà á, ẹ á wọ yàrá lọ sùn. Ìpàdé yẹn ṣì ń wáyé, àwa arúgbó mélòó kan ló ń jókòó síbẹ̀. Hmm... Ayé ti yí, ẹnu ti pọ̀ nílé, kò sí lójúde mọ́. Ẹni tó sanwó tí kò béèrè, inú ọ̀sà ló jù ú sí. Wọ́n ń ṣe ìpàdé náà lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ lọ. Bí wọ́n bá ní ọmọdé ni yín, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sì sọ̀rọ̀!