Ọkọ̀ Ìjàpá Màmá Abẹ́ Tapólì

Lọ́dún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá, mo ń dúró kí wọ́n bá mi lẹ táyà ní Pedro nígbà tí mo gbọ́ ohun tí ìyá àgbàlagbà kan àti mẹkáníìkì rẹ̀ ń bá ara wọn fà nídìí ọkọ̀ ìjàpá.

"Màmá, ẹ́ńjìnnì yìí ti kú. Mo ti ránṣẹ́ pe àwọn tó ń ra àjákù irin."

"Ẹ́ńjìnnì tó kú ló gbé mi láti Abúlé Òkúta dé ibí? Ó kàn ń gbọ̀n ni. Wáyà pílọ́ọ̀gì ni mo ní kí o wò."

"Mo ti wò ó, mà. Kò sí èyí tó já."

"Inú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lo ti wò ó. Tan ọkọ̀, kí o mú tapólì yẹn wá."

Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, wọ́n fa tapólì bo orí. Ìdí àwọn méjèèjì nìkan ló kù níta.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Màmá. Iná búlúù ń fò láti ara wáyà kan bọ́ sára irin."

"Iná tó yẹ kó dé pílọ́ọ̀gì nìyẹn, ọ̀nà ló ń tán sí. Pààrọ̀ gbogbo wọn, wọ́n ti gbó."

"Ta ló kọ́ yín, mà?"

"Fọ́tò ni mo fọ̀ nínú yàrá òkùnkùn ní Ṣómólú títí mo fi darúgbó. Inú òkùnkùn ni mo ti mọ nǹkan wò."

Inú òkùnkùn ni mo ti mọ nǹkan wò. Mi ò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn.

Nígbà tí mẹkáníìkì pààrọ̀ àwọn wáyà náà tó sì tún tan ọkọ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì ń lọ geere, kò gbọ̀n mọ́. Màmá wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Màmá, àwọn onírin ti dé o."

"Ní kí wọ́n kúrò lọ́nà fún mi."