Irin Tó Ń Dá Ilẹ̀kùn Ilé Ìdáná Mi Dúró

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi ka èyí. N kò lọ sí ilé ìwé nígbà èwe. Mo ti lé ní ẹni ogójì ọdún kí ìyàwó mi tó fà mí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Òun ló di ọwọ́ mi mú tí mo fi kọ orúkọ ara mi lẹ́ẹ̀kíní. Ó ti di olóògbé báyìí. Ohun kan wà tí mo ti ń fi pa mọ́ láti ọdún mẹ́fà. Mo rò pé bí ó bá ti lọ, ọ̀rọ̀ náà yóò bá a lọ. Kò bá a lọ.

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo ń ṣe ní Òkè-Ògbó, ní Ilé-Ifẹ̀. Sàlẹ́ńsà, irin tí èéfín ọkọ̀ ń gbà jáde, ni wọ́n mọ̀ mí mọ́. Bí lọ́rì bá ń pariwo bọ̀ láti Ẹdúnàbọ̀n, àwọn awakọ̀ yòókù á ní kí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Látúndé, ọmọ Ìrẹmọ ni, ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ ló ń gbé. Ó ní ọkọ̀ ojú omi kan tó fi ń kó èrò. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Inú ikùn ọkọ̀ ló wà. Bí Ẹ̀gbọ́n bá wá sílé, apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan ni yóò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo agbo ilé á ti mọ̀ pé ó dé kí wọ́n tó rí ojú rẹ̀. Nígbà mìíràn, mo ṣì ń gbọ́ òórùn ẹja yẹn.

Lọ́dún kan, ó gbé irin sàlẹ́ńsà ọkọ̀ náà wá sí agbo ilé wọn ní Ìrẹmọ. Ìpẹtà ti lu ú. Akínṣuyì ló bá a gbé e, ọmọ Ìlàjẹ tó ti ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì náà láti ọdún mẹ́wàá. Irin náà wúwo, ó sì yọ iké. Láti ẹnu ẹ́ńjìnnì, ó kọ́kọ́ gòkè kí ó tó tẹ̀ wá sísàlẹ̀.

“Ẹ jẹ́ ká ra irú rẹ̀ gan-an ní Èkó,” Akínṣuyì wí. “Bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́ ló dáa.”

Ẹ̀gbọ́n wò mí. “Àna mi, kí lẹ rí sí i?”

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni ìgbéraga ti wọlé. Ìyàwó mi wà níbẹ̀, ìyá rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Mo ní màá ṣe èyí tó dáa ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Irin tí kì í dípẹtà, tó fẹ̀, tó nà gbọọrọ láìsí iké, kí èéfín lè tètè jáde. Mo ní ọkọ̀ náà á sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

“Ọ̀gá wẹ́dà,” Akínṣuyì wí, “iké yẹn ní ìdí. Omi ń gba inú irin yẹn kọjá láti mú un tutù. Bí irin ò bá gòkè, omi á pa dà sínú ẹ́ńjìnnì nígbà tá a bá pa á.”

Mo rẹ́rìn-ín. “Akínṣuyì, èèyàn omi ni ọ́. Bí wọ́n ṣe ń yan ẹja ni kí o kọ́ mi. Fi irin sílẹ̀ fún mi.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ n kò tíì rí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi rí láyé mi. Lọ́rì ni mo mọ̀. Lọ́rì kì í léfòó.

Mo ṣe irin náà. Èmi àti ìyàwó mi gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọjọ́ tá a dán an wò, ọkọ̀ náà sáré lóòótọ́. Ìyàwó mi jókòó síwájú, ó di gèlè rẹ̀ mú kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Ó yíjú pa dà sí mi. “Bàbá Fọlákẹ́, ṣé irin yín ló ń kọrin báyìí?” Ó ń rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ọjọ́ tá a jọ lò, kò sí èyí tí mo ń rántí tó ìyẹn. Ohun tó sì ń dùn mí nìyẹn.

Kò pé oṣù kan tí ẹ́ńjìnnì fi kú. Omi ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbé irin mi wá sí Ìrẹmọ, òun àti Akínṣuyì. Ẹbí jókòó.

“Àna mi, ẹ bá wa wò ó. Kí ló bà á jẹ́?”

Mo wo inú irin náà. Ipa omi ti gbẹ síbẹ̀, láti ìsàlẹ̀ títí dé ẹnu ibi tó ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Mo mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé àìsí iké ló jẹ́ kí omi pa dà. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá ti sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí yóò tún bi mí léèrè. A kì í ka ẹ̀ṣẹ̀ sí àna lọ́rùn nínú agbo ilé ìyàwó rẹ̀. Wọ́n á bò ó ni.

“Kò sí àléébù lára irin mi,” mo wí. “Ẹni tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ bi.”

“Ó tó,” ìyá ìyàwó mi wí. “Ẹ má jẹ́ kí àna wa sọ̀rọ̀ jù.”

Akínṣuyì kò jà. Ó mú fìlà rẹ̀. “Ọ̀gá wẹ́dà, ẹ rántí iké.” Ó jáde. Ẹ̀gbọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká etí omi pé ó ń jẹ́ kí omi wọ ẹ́ńjìnnì ẹni. Kò sí ọlọ́kọ̀ tó tún gbà á. Àwọ̀n ló ń bá àwọn apẹja tún ṣe báyìí.

Irin àtijọ́ tó yọ iké yẹn kù sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyàwó mi ní kí n fún òun, kí òun fi dá ilẹ̀kùn ilé ìdáná dúró, atẹ́gùn ń gbá a jù. Ojoojúmọ́ ló ń fi ẹsẹ̀ tì í. Kò bi mí ní nǹkan kan rí. Nígbà tí àìsàn rẹ̀ ti le, mo ń fún un lómi mu, ó ní, “Bàbá Fọlákẹ́, ẹ dá irin yẹn pa dà fún ẹni tó ni ín.” N kò mọ ìgbà tó ti mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí rèé. Lóṣù tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n wá fún àdúrà ìrántí ìyàwó mi. Ó ti darúgbó, ó ti ta ọkọ̀. Ó ní òun pàdé Akínṣuyì létí omi, ó kí òun, òun kò dá a lóhùn.

“Àna mi, ṣé ohun tí mo ṣe fún ọkùnrin yẹn dáa?”

Mo ní, “Ẹ jẹun, Ẹ̀gbọ́n.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi jù. Bí mo bá fẹ́ lọ bẹ àwọn àna mi, ìyàwó mi ni ì bá ṣáájú mi. Kò sí ẹni tí yóò ṣáájú mi mọ́. Mo ti gbé irin náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, mo ti fi àpò sìmẹ́ńtì wé e. Ilẹ̀kùn ti ń gbá láti àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ra irin yìí. Akínṣuyì ló mọ ìdí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ju mí lọ, èwo nínú àwọn méjèèjì ni kí n kọ́kọ́ gbé e lọ bá?