Ẹ Sin Iṣu Yìí Wálé Kí Ẹ Tó Jẹ Ẹ́

Nígbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, tí mo lè sáré láti àdúgbò wa yìí, Bẹ́yẹrúnkà n'Ìbàdàn, gun òkè Mápó láìdúró mí, ẹnikẹ́ni kì í ṣàdédé jẹun nínú ilé wa. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Mi ò ní oúnjẹ ò sí. Oúnjẹ wà. Ṣùgbọ́n ẹ máa kọ́kọ́ sìn ín wálé ná.

Ẹ̀yin ọmọ agbo ilé yìí lẹ ní kí n wá sọ bí Súlíyà, ọmọọmọ mi tí wọ́n bí sí Èkó, ṣe mọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ti ń bímọ, ẹ fẹ́ mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ nínú ilé. Ó dáa. Ẹ jókòó. Ẹ pa fóònù yẹn… àbí ohùn mi ló ń gbà sílẹ̀? Kó máa gbà á nígbà náà.

Ìyá tó bí bàbá mi ló ń ṣe é fún wa. Ìyá Àgbà là ń pè wọ́n. Ata gbígbẹ àti ẹ̀gúsí ni wọ́n ń tà ní Ọjà'ba, ilé wa yìí sì ni àwọn tó ń kó ọjà wá fún wọn láti òkè lọ́hùn-ún máa ń sùn. Ará Ṣakí, ará Ìsẹ́yìn, ará Igbó-Ọrà… ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí á kún fọ́fọ́. Wọn kì í sì í wá lọ́wọ́ òfo. Ará Ṣakí á gbé iṣu wá, ará Fìdítì á kó ọsàn, ará Ìsẹ́yìn á gbé wàrà tí wọ́n rà lọ́wọ́ Fúlàní.

Tí wọ́n bá ti se iṣu náà jinná, tí gbogbo àwa ọmọ ti yí àwo ká, Ìyá Àgbà á gbé ọwọ́ lé e. Wọ́n á béèrè pé ta ló máa sìn ín wálé. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ láti ìlú tí iṣu ti wá, kó máa dárúkọ àwọn ìlú tó wà lójú ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí iṣu á fi dé ẹnu ọ̀nà wa. Ẹ ò sì gbọdọ̀ kọjá ní ìlú kan bí ẹni tí ò ní ẹ̀kọ́. Tí ẹ bá dé Ìsẹ́yìn, ẹ máa sọ pé aṣọ òfì ni wọ́n ń hun níbẹ̀. Tí ẹ bá kúrò níbẹ̀, ẹ máa sọdá odò Ògùn. Tí ẹ bá dé Ọ̀yọ́, ẹ máa tẹrí ba, torí Aláàfin wà níbẹ̀. Iṣu ń tutù o! Ẹ máa tẹrí ba náà ni. Ẹni tó bá fo ìlú kan, á padà sí Ṣakí.

Èmi ńkọ́? Olóríkunkun ni mí láti kékeré. Mo máa ń fo Òtu. Mi ò dé ibẹ̀ rí, mo sì béèrè lọ́jọ́ kan pé kí ni Òtu ṣe fún mi gan-an. Ìyá Àgbà ò bínú. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Òtu ni iṣu yìí sùn lánàá. Ṣé o fẹ́ fi í sílẹ̀ síbẹ̀ ni?" Àwọn ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. Mo ní mi ò pè é. Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe jẹ iṣu náà tán. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ ò lè gbọ́ kí n fo Òtu mọ́. Kódà bó jẹ́ ọsàn Fìdítì la fẹ́ sìn, màá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pe Òtu kí n tó rántí pé ọ̀nà ibẹ̀ kọ́.

Ìjọba ti pín ilẹ̀ yìí, wọ́n ti tún un pín. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, kò sí ohun tó ń jẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ọ̀nà kúrò níbi tó wà? Kò kúrò.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ọ̀nà yẹn náà ló kọ́ mi ní ìwé kíkà. Wọn ò fi mí sí ilé ìwé. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, mo sì máa ń wọ ọkọ̀ lọ ra òfì ní Ìsẹ́yìn. Mo ti láya, mo ti bímọ, mi ò mọ ohun tí wọ́n kọ sára pátákó. Lásísì ọ̀rẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní irùngbọ̀n mi ti pọ̀ jù fún A, B, D. Mo ní a máa wò ó. Nígbà tá a bá ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́, ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà ni mò ń jókòó. Mo kúkú mọ̀ pé tá a bá ti kúrò ní Ìlọrá, Fìdítì ló kàn. Nítorí náà, ohunkóhun tí wọ́n bá kọ sí pátákó tó kàn, Fìdítì ni dandan. Mo wá tẹjú mọ́ ọn. Mo rí igi kan tó dúró gbọnrangandan, ó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹnu mi náà ṣe ń pè é: Fì… dí… tì. Nígbà tá a tún gba ibẹ̀, mo rí i pé igi yẹn kan náà ló bẹ̀rẹ̀ Ìlọrá. Bí mo ṣe ń já lẹ́tà gbà lọ́wọ́ ìlú kọ̀ọ̀kan nìyẹn, títí mo fi ń ka ìwé ìròyìn sétígbọ̀ọ́ Lásísì.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ Súlíyà.

Nígbà họlidé tó kọjá, Kámórù ọmọ mi kó Súlíyà àti Táófíkì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Èkó. Inú mi dùn. Láti ìgbà tí ìyá Kámórù ti kú, yàrá ti pọ̀ jù fún mi nínú ilé yìí. Àfi bí Kámórù ṣe ní ọjọ́ Sunday lòun ń bọ̀ wá kó wọn, pé òun ti forúkọ wọn sílẹ̀ fún lẹ́sìnnì. Ó fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ ni o. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ níbí?"

Ó dùn mí. Mo ní kò burú. Mo ní tó bá dé lọ́jọ́ Sunday, kó bi wọ́n nípa ìpínlẹ̀ baba wọn. Tí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, kó kó wọn lọ. Tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa wà títí ilé ìwé á fi wọlé. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà. Ó rò pé òun ti borí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ọwọ́ lé búrẹ́dì tí wọ́n gbé wá láti Èkó. Mo bi Súlíyà níbi tó ti wá. Ó ní inú báàgì. Kó tó dé inú báàgì ńkọ́? Ó ní ṣọ́ọ̀bù. Kó tó dé ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ó wò mí bí ẹni tí orí ń fọ́. Mo gbé búrẹ́dì sápá kan, mo ránṣẹ́ ra iṣu ní Ọjà'ba. Ẹni tó tà á sọ pé Ṣakí ló ti wá. Mo ní alihamudulilai.

Táófíkì tètè mọ̀ ọ́n. Ó ti ń jẹun kí ọ̀sán tó pọ́n. Súlíyà ló ká ọwọ́ gbera. Ó dé Àgọ́-Àrẹ, ó fò lọ sí Ìsẹ́yìn. Mo ní Òtu ńkọ́? Ó ní, "Bàbá, kí ni Òtu ṣe fún mi?"

Ẹ̀yin èèyàn! Ta ló sọ fún un? Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi wúkọ́. Ọmọ mi ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí díẹ̀, torí mo mọ irú orí tó wà lọ́rùn wa. Tí kò bá pe Òtu títí di Sunday, wọ́n lọ nìyẹn.

Mo mú un lọ́wọ́, a gun òkè Mápó. Mo na ìka sí òkè lọ́hùn-ún kọjá gbogbo páànù tó ti pupa, mo ní ibẹ̀ yẹn ni Mọ́níyà, tá a bá ń lọ tá a ò dúró, a máa dé Òtu. Ó béèrè bóyá àwọn ọmọdé wà níbẹ̀. Mo ní wọ́n pọ̀. Mo ní aṣọ tí wọ́n wọ̀ lè jẹ́ ti Gbági, pé tí wọ́n bá fẹ́ sìn ín dé ilé wọn, Ìbàdàn ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè.

Ó ronú. "Tí wọ́n bá wá fo Ìbàdàn ńkọ́?"

Mo ní á jẹ́ pé aṣọ wọn ṣì wà lọ́dọ̀ wa nìyẹn.

Ojú rẹ̀ le. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ fò wá. A sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tá a fi máa dé ilé, ó ti pe Òtu, ó ti tẹrí ba fún Aláàfin láàárín títì, ọlọ́kadà kan sì rò pé òun ló ń kí.

Sunday pé. Kámórù dé pẹ̀lú ebi. Wọ́n gbé iṣu kalẹ̀, ó nawọ́. Súlíyà gbé ọwọ́ lé àwo. "Dádì, ẹ ò tíì sìn ín wálé."

Kámórù wò mí. Mo wo àjà. Inú ilé yìí lòun náà ti ṣe é ní kékeré, ó kàn ti pẹ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀: Ṣakí… Àgọ́-Àrẹ… Ìsẹ́yìn. Táófíkì fọwọ́ bo ẹnu.

Súlíyà ní, "Dádì, iṣu yìí ń sunkún ní Òtu."

Kámórù padà sí Ṣakí. Nígbà tó dé Ọ̀yọ́, orí rẹ̀ tẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó rán an létí. Nígbà tó dé Fìdítì, ẹ̀rín ti ń pa á. Ó jẹun tán, ó bi wọ́n ní ìbéèrè: níbo ni wọ́n ti ń bí ìbejì jù? Igbó-Ọrà. Níbo ni adágún omi ti wà lórí òkè? Adó-Àwáyé. Gbogbo ìyẹn ni mo ti kọ́ wọn nídìí àwo. Ó bi wọ́n títí, ó sú u. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ó ní, "Bàbá, ó di ìgbà tí ilé ìwé bá fẹ́ wọlé." Mo ní lẹ́sìnnì ńkọ́? Ó ní tíṣà á dúró.

Nígbà tí wọ́n wá ń lọ lóòótọ́, mo di iṣu sí bùútù fún wọn. Ilé dákẹ́. Mo gbálẹ̀ tí kò dọ̀tí.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù dún. Súlíyà ni. Ó ní àwọn fẹ́ jẹ iṣu, kí n máa gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Ṣakí. Ó fa Òtu gùn bí ẹni tó ń polówó ọjà. Ó sọdá odò, ó kọjá Ọ̀yọ́, Ìlọrá, Fìdítì, ó dé Mọ́níyà. Mo rò pé Ìbàdàn ló máa kàn, kó wá máa bọ́ sí ọ̀nà Èkó. Ó ní, "Bẹ́yẹrúnkà, ilé Bàbá mi." Ó tún ní, "Ó sùn síbẹ̀." Lẹ́yìn náà ló tó mú un lọ sí Èkó.

Ẹ ò rí nǹkan. Èmi tí mò ń sin iṣu kiri látọjọ́ yìí, èmi náà ti di ìlú lójú ọ̀nà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, tí ẹ bá gbé àwo kalẹ̀ nírọ̀lẹ́ òní, ẹ gbé ọwọ́ lé e. Àwọn ọmọ á pariwo. Wọ́n á ní ebi ń pa àwọn. Ẹ má gbé ọwọ́ kúrò.