Ìtìjú Àwa Méjèèjì

Nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin méjì kan nínú ọkọ̀ tó ń ti Ìlọrin bọ̀ wá sí Kàbà.

Èyí àgbà kí i bí a ti ń kíni nílé wa, ó ní, "Okun, ọmọ mi. Ṣebí ẹsẹ̀ tó kán ló gbé bàbá ọkọ rẹ dé ọsibítù, báwo ló ṣe wá di egbò ìdí?"

"Àdùbúlẹ̀ ni, ìyá. Nọ́ọ̀sì ní ó wọ́pọ̀ lára arúgbó tó bá ti rù, tí kò lè dá yíra padà. Ó ní kí n máa yí wọn."

"O ò yí wọn?"

"Ìbàdí bàbá ọkọ, ìyá? Mò ń dúró de ọkọ mi ni. Bí mo bá sì sún mọ́ wọn, ńṣe ni wọ́n ń di aṣọ wọn mú. Ìtìjú àwa méjèèjì ló jẹ wọ́n lára dé egungun."