Wọ́n Pín Ẹ̀bùn Kérésì Àwọn Ọmọ Bíi Súfẹ́níà

Ẹ má tíì jókòó, Àǹtí Fúnkẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé ọ̀rá ọwọ́ yín yẹn sórí tábìlì kí n wo ohun tó wà nínú ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín, mo rí i pé okùn bàtà yẹn ń dùn yín lẹ́sẹ̀, èmi náà wà lórí ìdúró níbi àpèjẹ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé e síbẹ̀ ná. Ẹ kúrò níbẹ̀ ṣáájú mi, ẹ wá yà síbòmíràn, àtìgbà tí mo ti dé ni mo ti wà lórí àga yìí tí mò ń retí yín. Omi lásán, mi ò tíì mu.

Rárá, kò sẹ́ni tó lù mí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ṣé torí pé mò ń sọ̀rọ̀ ni? Mo mọ̀ pé mi ò kì í sọ̀rọ̀. Ìyẹn gan-an ló fa gbogbo ẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ń jáde nínú ọ̀rá yìí. Agolo mílíìkì tí wọ́n fi àjákù ańkárá wé. Jonah ló ṣe é, ọmọ ọdún márùn-ún, ó ṣe é fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó lè máa kó bíró sí i. Ìràwọ̀ tí wọ́n fi igi ìgbálẹ̀ àti òwú pupa so, Abigail ló ni ín, ìyá rẹ̀ ló ṣe é fún. Èyí wá ni èèpo kòkó gbígbẹ tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà, Ọmọ́túndé ló ṣe é, pé kí bàbá òun máa ju kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀ sí i tó bá ti oko dé. Mẹ́ta. Ẹ̀yin nìkan lẹ mú mẹ́ta. Kí lẹ fẹ́ fi èèpo kòkó ṣe, Àǹtí mi? Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo lẹ ní láyé yín, ọrùn yín ló sì máa ń wà.

Ẹ ní súfẹ́níà ni. Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí èmi náà kó ohun tó wà lápò mi sílẹ̀. Ẹ rí àwọn ìwé pélébé wọ̀nyí? Èmi ni mo gé wọn, èmi ni mo kọ wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi gúlúù lẹ̀ wọ́n mọ́ nǹkan kọ̀ọ̀kan. “Fún Mọ́mì, láti ọwọ́ Abigail.” “Fún Bọ̀ọ̀dá mi, láti ọwọ́ Jonah.” Ilẹ̀ gbọ̀ngàn àpèjẹ Kérésì ilé-ìwé ni mo ti ṣà wọ́n nígbà tí gbogbo yín lọ tán. Àwọn àlejò ń já wọn sọ nù bí ẹni ń já èèpo kúrò lára súìtì. Obìnrin kan fi èékánná ha orúkọ ọmọ kúrò lára nǹkan tó mú, ó pọ́n èékánná náà lá, ó tún ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Mo rí i. Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù nìyẹn, pé mo máa ń rí gbogbo nǹkan, mi ò sì kì í lè la ẹnu.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe àwọn nǹkan yìí, Àǹtí Fúnkẹ́. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má jókòó sílé máa retí èsì ìdánwò bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fà mí lọ́wọ́ lọ bá Mà Veronica ní ilé-ìwé kékeré wọn, pé, “Ẹ bá mi gbà á kó máa ràn yín lọ́wọ́, ó mọ ọwọ́ lò, ojú ló máa ń tì í.” Mà Veronica wá ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe nǹkan kan tó máa fún ẹnì kan nílé ní Kérésì. Ọmọ mùsùlùmí o, ọmọ ìgbàgbọ́ o, gbogbo wọn. Ó ní ṣebí gbogbo wa la jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì, tó bá di iléyá, gbogbo wa la jọ ń jẹ ẹran.

Hamidat wà nínú wọn. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọ ọdún méje tó ń ti Ìyere wá, tí ìborí rẹ̀ kì í dúró déédéé lórí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ àgbà ni Bàbá Jìbírílù, télọ̀ tó ń ránṣọ láàárín ìlú tẹ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Agbádá tí wọ́n fi sin bàbá wa, ta ló rán an?

Ẹ gbọ́. Tẹ̀sùbáà bàbá yẹn já lọ́dún tó kọjá, ìlàjì rẹ̀ sọ nù sínú kọ̀rọ̀ ilé. Látìgbà náà, ìka ló fi ń ka iye àdúrà rẹ̀. Ìka yẹn sì ti ń gbọ̀n. Hamidat ní tó bá kà á dé àárín, á gbàgbé, á kanra mọ́ ara rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ọmọ náà ní òun fẹ́ ṣe òmíràn fún un. Mo ní kí la máa fi ṣe é. Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé-ìwé, níbi tí ewéko ìdò ti hù sẹ́bàá gọ́tà, ó ya èso rẹ̀ wò, ó ní ṣé èyí ò le tó. Dúdú minimini, ó le bí ọta. Èmi ni mò ń fi iná àbẹ́là mú abẹ́rẹ́ gbóná, èmi ni mò ń lu ú, òun ń ki okùn bọ̀ ọ́. Ẹ wo ìka mi. Ibi mẹ́rin ló ti bó.

Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó kà á, ó ṣì í kà, ó tú u, ó tún un kà. Nígbà tó wá kù díẹ̀ kó parí, ó já ìwé kàlẹ́ńdà àtijọ́, ó ká a rogodo, ó fi gúlúù lẹ̀ ẹ́, ó ní òun máa fi irú ẹ̀ méjì pààlà sí i kó pín sí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lọ́nà mẹ́ta, kí ìka Bàbá lè mọ̀ pé òun ti dé ìparí ọ̀kan. Mi ò kọ́ ọ ní èyí. Òun fúnra rẹ̀ ló rò ó. Ó di ojú rẹ̀ méjèèjì, ó ń fi ìka rìn lórí okùn náà jẹ́jẹ́, nígbà tó kan ìwé yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá Yọmí, mo rí i.” Ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì.

Ẹ jẹ́ kí n mí.

Nínú ìlú yìí, ẹ sáà ti gbé nǹkan tó pọ̀ sórí tábìlì níbi àpèjẹ, ẹ tò ó kó dára, ó ti di súfẹ́níà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa béèrè. Èmi ni mo tò ó. Èmi ni mo tẹ́ aṣọ funfun, tí mo to agolo sẹ́yìn, tí mo to ìràwọ̀ síwájú. A ti fẹnu kò pé tí orin bá parí, Mà Veronica á máa pe ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ á mú tirẹ̀, á gbé e fún ẹni tó ni ín. Ohun tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé nìyẹn. Jonah ti mọ iye ìṣísẹ̀ tó máa gbé dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ètò wá falẹ̀. Àwọn àlejò tábìlì ńlá sọ̀rọ̀, wọ́n tún sọ̀rọ̀. Mà Veronica wà nílé ìdáná, ó ń bá wọn bu oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Dominic tó ń tọ́kùn ètò fi nàka sí mi pẹ̀lú máìkì, níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, “Ọ̀dọ́kùnrin arẹwà tó sá pamọ́ sẹ́yìn tábìlì yẹn, ṣé ká máa pín in?” Gbogbo orí yí sí mi. Ẹ̀yin náà yíjú. Ẹ tún rẹ́rìn-ín, ẹ ní, “Àbúrò mi nìyẹn o, kì í sọ̀rọ̀.” Èmi rò pé ó ń bi mí bóyá ká bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ ni.

Mo mi orí pé kó rí bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo mi orí. Ẹ ò nílò kẹ́ ẹ tún un sọ. Mi ò sọ pé mi ò mi í. Ara mi gan-an ń rí mi lára.

Ọ̀gbẹ́ni Dominic ní, “Ẹ̀yin èèyàn wa, súfẹ́níà ti délẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ yín sílẹ̀ o.” Ẹ tiẹ̀ wo bẹ́ ẹ ṣe dìde. Àwọn ìyá tí wọ́n ní ìka ẹsẹ̀ ń ro wọ́n tún fò kọjá àga. Wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti ọmọ tó ṣe nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè mú nǹkan tó ṣe. Ọkùnrin kan tó ti jẹ ẹran ò tiẹ̀ nu ọwọ́, ó fi ọwọ́ elépo gbé káàdì tí Abdulmumin fi ọ̀sẹ̀ kan kùn, ó fi fẹ́ra. Káàdì. Ó fi fẹ́ra. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ni o, àwọn tó ń kàwé lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ní kí ọmọ máa dúró lórí ìlà.

Àwọn ọmọ ò sunkún. Ohun tó kó mi nírìíra jù nìyẹn, pé wọn ò sunkún. Wọ́n kàn ń wò. Hamidat wá fa ṣẹ́ẹ̀tì mi látẹ̀yìn, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé wọ́n ti bá mi gbé e fún Bàbá?” Ọmọ náà rò pé bí wọ́n ṣe ń pín in, ọwọ́ ẹni tó ni ín ló ń lọ.

Mo wo Bàbá Jìbírílù. Ìlà kẹta ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọmọ ti sọ fún un pé nǹkan kan ń bọ̀, kó máa retí. Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sórí orúnkún, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ látìgbà tí orin ti parí. Ẹnì kan tó ń kọjá lọ wá ki ìgò mọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bàbá fi ìka yí ìgò náà ká, ó wá ìdérí rẹ̀, ó wá ìdí rẹ̀, ó ní, “Hamidat, ṣé òun nìyí?”

Ẹ mọ̀ mí. Mo gbé ìgbálẹ̀, mo ń gbálẹ̀.

Ẹ ní ọmọdé ló ṣe é, kò ju eré lọ, àwọn náà á gbàgbé. Àǹtí mi, ẹ ti sọ ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Tí mo bá tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta, màá bì síbí. Mo wá tẹ̀sùbáà náà láàárín àga, mo wá a nínú páálí ìdọ̀tí, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kó àga. Kò sẹ́ni tó rí i.

Ẹ dúró ná.

Kí ló wà lọ́wọ́ yín yẹn? Ẹ má fi apá aṣọ bò ó. Mo ti rí i. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé lẹ ti ń fi ọwọ́ òsì ṣe bí ẹni tó di nǹkan mú.

Ẹ̀gbà ọwọ́ kọ́. Kì í ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Tẹ̀sùbáà ni. Ẹ bọ́ ọ. Ẹ bọ́ ọ jẹ́jẹ́, okùn rẹ̀ ò nípọn. Kí ló dé tó kúrú báyìí? Àǹtí Fúnkẹ́, ó máa ń gùn dé àyà mi. Kí lẹ ṣe sí i?

Ẹ fi eyín gé e. Torí pé ó tóbi jù fún ọrùn ọwọ́ yín, ẹ fi eyín gé e, ẹ wá fi ìyókù síbo? Ẹ ṣí pọ́ọ̀sì yẹn. Ẹ dà á sórí tábìlì, gbogbo ẹ̀. Ẹ wò ó, àárín ṣíńgọ́ọ̀mù àti àtíkè. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Èmi ni màá kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ kí n má baà ṣì í.

Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ìwé kan nìyí. Ìwé kejì ti tẹ̀, ó ṣì wà. Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún.

Ó ku ọ̀kan.

Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín. Ọ̀tún. Ó já bọ́ nígbà tẹ́ ẹ da pọ́ọ̀sì, ó há sábẹ́ bàtà yín.

Ó pé. Mi ò ní so ó fúnra mi, Hamidat ló máa tún un so, níwájú Bàbá. Tí Bàbá bá bi mí pé ta ló gé e, màá sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ni, màá sì sọ pé èmi ni mo mi orí. Ní ti agolo àti ìràwọ̀ àti èèpo kòkó yìí, ẹ̀yin lẹ máa gbé wọn padà. Lọ́la, kí Kérésì tó kọjá. Ẹsẹ̀ yín lẹ máa fi rìn ín, ẹnu yín lẹ máa fi béèrè ilé. Àwọn ìwé orúkọ wọn nìyí, mo ti tò wọ́n fún yín.

Ọ̀kadà Ìyere ṣì wà ní títì. Ẹ yẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Àǹtí mi.