Gráàfù Tó Ń Dorí Kodò ní Ọjọ́rú

Àwàdà mi kò pa ẹnikẹ́ni lára rí! Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń fọwọ́ sọ̀yà sọ nìyẹn. Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, nítorí ilé mi ní Bantama, nílẹ̀ Ashanti níbí, ti dákẹ́ jù. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, pólì ni mo ti kàwé, kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun. Bí mo bá ń ṣeré, ojú mi kì í rẹ́rìn-ín. Mo ti sọ fún ìyàwó ilé kejì rí pé ìjọba fẹ́ máa mú àkùkọ tó bá kọ ṣáájú àsùbá. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi da aṣọ bo àkùkọ rẹ̀.

Múkáílà ọ̀rẹ́ mi nìkan ló máa ń mọ̀ bí mo bá ń ṣeré. Dichemso, àdúgbò kan nínú ìlú wa, ni wọ́n bí i sí, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ bíi tèmi. Ọdún mẹ́ta gbáko la fi kọ àkójọ kóòdù kan tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi lè ya gráàfù. Ohun tó bá wù ẹ́ lo lè yí padà nínú rẹ̀: àwọ̀, ìlà, ibi tí òǹkà máa dúró sí. A ṣí i sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni mú un lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì tún un ṣe. Àwọn tí a ò rí rí ń kọ̀wé sí wa láti òkèèrè, inú wa ń dùn bí ẹni tó bímọ.

Ọjọ́rú ni wọ́n bí mi, ìdí nìyẹn tí àdúgbò fi ń pè mí ní Kwaku, bí àwọn Ashanti ti máa ń fi ọjọ́ sọ ọmọ lórúkọ. Àwàdà bá gùn mí. Mo yọ́ ìlà kóòdù mẹ́rin sínú ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ èmi àti Múkáílà nìkan: bí ó bá ti di Ọjọ́rú, gráàfù á dorí kodò, ohun tó ń gòkè á máa sọ̀ kalẹ̀. Mo fẹ́ kó pariwo “Kwaku!”, kí a jọ rẹ́rìn-ín, kí n sì yọ ọ́ kúrò.

Ta ló mọ̀ pé iléeṣẹ́ kan tó ń gbẹ́ kànga máa pe Múkáílà lọ́jọ́ náà kó wá fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn wọ́n? Ó ti pẹ́ tó ti ń wá iṣẹ́ ọ̀hún. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún un, wọ́n wá sún un sí Ọjọ́rú. Kò sọ fún mi. Ó fẹ́ fi yà mí lẹ́nu. Ó dán gráàfù rẹ̀ wò ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó dára. Lọ́jọ́ kejì, níwájú àwọn ọ̀gá ní ọ́fíìsì wọn ní Race Course, ó ní kí wọ́n wo bí omi kànga ṣe ń dínkù nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ọ̀gá kan ní, “Ei, Mallam! Ọ̀gbẹlẹ̀ tìrẹ ló ń pọn omi sí kànga, àbí?” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọn ò gbà á.

Ó wá sílé mi ní ìrọ̀lẹ́, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi. “Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ ohun tó ṣe mí lónìí. Ṣé ẹ mọ ohun tó fà á?” Mo mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tí mi ò jẹ́wọ́? Mo ní, “Bóyá ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń bá ẹ ṣeré.” Ojú mi le koko. Kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀: nínú irú iṣẹ́ yìí, orúkọ ẹni tó kọ ìlà kóòdù kọ̀ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí àga mi, ó ṣí kóòdù náà, ó kà á. “Mo béèrè lọ́wọ́ yín, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ sì mọ̀.” Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó ní ó dàárọ̀, ó lọ.

Kò bú mi. Ì bá tiẹ̀ bú mi! Ó ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ wa bí ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni ti rí, ó fún un lórúkọ tuntun, gbogbo àwọn tó ń kọ̀wé sí wa sì tẹ̀ lé e. Tèmi wá dà bí ilé tí ayálégbé ti kó kúrò. Mo rán ìmáàmù sí i kó bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti dárí jì mí nítorí Ọlọ́run, òun kò kàn lè bá mi ṣiṣẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin aláwàdà ẹgbẹ́ mi, bí ọ̀rẹ́ yín bá béèrè òótọ́, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú yẹn, irọ́ ló kù. Ní tèmi, mo ń wá àṣìṣe kéékèèké inú iṣẹ́ rẹ̀, mo ń tún wọn ṣe, mo ń fi ránṣẹ́. Èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ àjèjì wò kó tó wọlé. Lánàá, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí dá tèmi padà, ó ní kí n kọ́kọ́ lọ ka ìwé ìlànà. Èmi ni mo kọ ìwé ìlànà náà. Mo dá a lóhùn pé, “Ẹ ṣeun, màá kà á.” Mo sì jókòó, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.